Wá, Wa, Wà: Ìbúgbàmù Bódìjà àti Àwọn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tó Jẹ́ Alámùúlétì

Bí ènìyàn bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì sí abẹ́ lẹ́tà E, tí ó sì ń fi ìka tọ ojú ewé náà lọ sí ìsàlẹ̀, yóò dé ibì kan tí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gbé tò bí ilé lójú títì: ‘explicit’, ‘explode’, ‘exploit’, ‘exploitation’, ‘exploration’, ‘explore’, ‘explosion’, ‘explosive’, ‘export’, ‘expose’. Ètò álífábẹ́ẹ̀tì ni ó kó wọn jọ. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó jẹ́ ọmọ ìyá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo wọn ni iṣẹ́ wọn jọra. Síbẹ̀, láti oṣù kìíní ọdún 2024 ni mẹ́ta nínú wọn ti ń rìn pọ̀ nínú ìròyìn láti Ìbàdàn, nígbà mìíràn nínú gbólóhùn kan ṣoṣo: ohun tí ó bú gbàmù, àwọn tí wọ́n ń wá àlùmọ́ọ́nì, àti àwọn tí wọ́n ń wà á. Ẹni tí ó ń túmọ̀ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ sí Yorùbá ni àkíyèsí yìí wà fún, àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kà á.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn. Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024, nígbà tí aago mẹ́jọ kù díẹ̀ kí ó lù, ìró ńlá kan dún ní òpópó Dejo Oyelese ní Bódìjà Àtijọ́. Ilé wó, òrùlé ṣí, ilẹ̀ sì dá kòtò. Ọ̀pọ̀ àdúgbò tí kò sún mọ́ ibẹ̀ ni ó gbọ́ ìró náà. Bódìjà yìí ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní apá ìparí àwọn ọdún 1950, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn ọ̀mọ̀wé lè rí ibi tí ó tòrò gbé; kò sí ẹni tí ń fi ojú ibi ìwakùsà wò ó. Gómìnà Ṣèyí Mákindé dé ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó kéde pé ènìyàn méjì ti kú, pé 77 sì fara pa. Iye àwọn tí ó kú tún lọ sókè lẹ́yìn náà. Ó ní ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ni wọ́n ń gbé ọ̀kan nínú àwọn ilé ibẹ̀, àti pé ohun abúgbàmù tí wọ́n kó pamọ́ síbẹ̀ ni ó fa gbogbo rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Bódìjà ti ń kọjá láti inú Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sínú Yorùbá: lórí rédíò, nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n ń tà ní Dùgbẹ̀, nínú lẹ́tà àwọn agbẹjọ́rò, lọ́wọ́ àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé fún ará ìlú ní Àgbowó, lódìkejì ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń ṣì ni a fẹ́ tọ́ka sí, nítorí ọ̀kan nínú àwọn àṣìṣe náà lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀.

‘Explode’ ni ó rọrùn jù, òun ni a ó sì fi bẹ̀rẹ̀. Nínú èdè Látìn, ọ̀rọ̀ tí ó bí i kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú iná tàbí ẹ̀tù. Pípàtẹ́wọ́ lé òṣèré kúrò lórí ìtàgé ni, nígbà tí eré rẹ̀ kò bá dùn mọ́ àwọn òǹwòran nínú. Ariwo nìkan ni ó kù nínú ọ̀rọ̀ náà nígbà tí ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà. Yorùbá kò rin ìrìn-àjò yẹn rárá. Ìró nǹkan gan-an ni a mú, gbàmù tàbí gbàù. ‘Bú gbàmù’ ni ọ̀rọ̀-ìṣe, ‘ìbúgbàmù’ ni ọ̀rọ̀-orúkọ, ‘ohun abúgbàmù’ sì ni ‘explosive’. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí i pé ‘bú’ nìkan kò tó. A lè bú ènìyàn, ọmọdé lè bú sẹ́kún. Ìró tí ó tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe náà ni ó ń sọ irú èyí tí ó jẹ́. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá sì ní ‘population explosion’, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ ‘ìbúgbàmù iye ènìyàn’. Iye ènìyàn kì í dún. Pípọ̀ ni ó pọ̀ lójijì.

Ohun tí ‘explosion’ kò sọ ni ẹni tí ó fà á, àti bóyá ẹnikẹ́ni tilẹ̀ fà á. ‘Ìbúgbàmù’ náà kò sọ ọ́, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ ìtumọ̀ tí ó tọ́. Ṣùgbọ́n kí ìjọba tó sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ mìíràn ti gba ẹnu àwọn ènìyàn: bọ́ǹbù. Àwọn mìíràn kọ ‘àdó olóró’. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ní ọwọ́ ọ̀tá nínú. Àdó ni akèrègbè kékeré tí àwọn àgbà ń kó oògùn sí. Bí a bá wá ní ó ní oró, ohun tí a ti pèsè láti fi pa ènìyàn ni a ń sọ. Ohun abúgbàmù tí àwọn afọ́kùúta ń lò kò rí bẹ́ẹ̀. Irinṣẹ́ ni. Òun ni a fi ń la àpáta tí ó ń di òkúta wẹ́wẹ́ tí a fi ń ṣe ọ̀nà ọkọ̀ tí a fi ń kọ́ ilé. Bí ó bá pa ènìyàn nítorí pé a kó o sí ibi tí kò yẹ, ìwà àìbìkítà àti rírú òfin ni ẹ̀sùn tí ó wà níbẹ̀. Ìkọlù kọ́. Gẹ̀ẹ́sì ìkéde àkọ́kọ́ kò ran olùtúmọ̀ lọ́wọ́ níhìn-ín, nítorí ‘explosive devices’ ni ó lò, èdè tí àwọn ọlọ́pàá sábà máa ń lò fún bọ́ǹbù. Olùtúmọ̀ tí ó bá wo ọ̀rọ̀ méjì náà lásán yóò kọ ‘àdó olóró’. Èyí tí ó bá ka gbogbo gbólóhùn dé ibi tí a ti dárúkọ awakùsà yóò kọ ‘ohun abúgbàmù’, yóò sì jàre.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ̀ èdè lásán. Àwọn tí ó dàgbà díẹ̀ rántí ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, nígbà tí ilé ìkóhun-ìjà àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà gbaná. Kò sí ẹni tí ó ju ohunkóhun lu ìlú Èkó lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bọ́ǹbù ni ó lé àwọn ènìyàn jáde, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kú ni ó sì jẹ́ pé omi kànáàlì Òkè-Àfà ni ó gbé wọn lọ bí wọ́n ti ń sá nínú òkùnkùn. Ọ̀rọ̀ tí a bá kọ́kọ́ kéde lórí rédíò ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó ń sọ fún ènìyàn bóyá kí ó dúró sílé tàbí kí ó sáré.

Ẹ jẹ́ kí a yà díẹ̀ kúrò lábẹ́ E. Òfin ohun abúgbàmù ti ọdún 1964 ni ó ń sọ bí a ṣe ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ tí ó sì lò fún ilé tí a ń kó o sí ni ‘magazine’. Kì í ṣe ìwé ìròyìn olóṣooṣù. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí ó túmọ̀ sí ilé ìkẹ́rùsí ni ó bí i, ìwé ìròyìn ni ó wá yá orúkọ náà lò lẹ́yìn, nítorí pé ilé ìkẹ́rùsí àwọn àkọsílẹ̀ ni òun pẹ̀lú. Ẹ kọ ‘ilé ìkóhun-abúgbàmù-sí’, bí ó tilẹ̀ gùn.

Ó wá ku ‘exploit’ àti ‘explore’. Ibí ni iṣẹ́ wà.

‘Exploit’ jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n wọ aṣọ kan náà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, tí a sì tẹ ohùn mọ́ sílébù àkọ́kọ́, iṣẹ́ akin ni, ohun ńlá tí akọni ṣe. Irú èyí ni a ń gbọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn ní Ìbàdàn, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, níbi tí a ti ń gbàdúrà pé kí àwọn ọmọ ìjọ ṣe ‘exploits’. Inú ìwé Dáníẹ́lì nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni ó ti wá. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, tí ohùn sì tẹ sílébù kejì, ó túmọ̀ sí kí a mú èrè jáde lára nǹkan. Èyí náà tún pín sí méjì. Bí nǹkan náà bá jẹ́ ilẹ̀, odò tàbí kùsà, kò sí ẹ̀gàn dandan nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn, ẹ̀gàn ni. Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan tí ó lè gbé méjèèjì. A ń wa kùsà, a ń lo ilẹ̀, a ń fi odò ṣe iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni a ń rẹ́ jẹ, ènìyàn ni a ń kó nífà.

Ibi tí èyí ti ń fa ìjọ̀ngbọ̀n ni inú ìwé òfin. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 17, pàṣẹ pé kí ìjọba dènà ‘exploitation’ ọmọ ènìyàn tàbí ti ọrọ̀ inú ilẹ̀ fún ìdí mìíràn tí ó yàtọ̀ sí ire àwùjọ. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni ó so ènìyàn pọ̀ mọ́ ilẹ̀. Olùtúmọ̀ tí ó bá kọ ‘ìrẹ́nijẹ’ fún méjèèjì ti sọ pé a lè rẹ́ òkúta jẹ. Èyí tí ó bá kọ ‘lílò’ fún méjèèjì ti gba ẹ̀gàn kúrò lórí ẹni tí ó ń fi ọmọ ènìyàn jẹun. Ẹ má bẹ̀rù láti pín in: ‘kíkó ọmọ ènìyàn nífà, tàbí wíwa ọrọ̀ inú ilẹ̀’. Gbólóhùn yóò gùn sí i, òye rẹ̀ yóò sì tọ́.

‘Explore’ ní tirẹ̀ ni kí a lọ wo ibi tí a kò mọ̀, kí a lè mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Ìtumọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń gbé wá ni ‘ṣàwárí’, ó sì jẹ́ àṣìṣe tí ó fara pamọ́ dáadáa. Àwárí kì í ṣe wíwá lásán. Wíwá títí a ó fi rí i ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé àwárí ni obìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀: kò ní padà lọ́wọ́ òfo. ‘Ṣàwárí’ dára fún ‘discover’. Bí a bá wá kọ ọ́ fún ‘explore’, a ti sọ fún òǹkàwé pé kùsà ti jáde, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì kàn sọ pé ẹnì kan ń lọ wò ó bóyá ó wà. Ilẹ̀ tí a gbọ́ pé wúrà ti jáde nínú rẹ̀, owó rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Ọ̀rọ̀ tí ó sún mọ́ ‘exploration’ jù ni ‘ìwákiri’. A tún lè sọ pé ‘wíwá ibi tí kùsà wà’.

Òfin ohun àlùmọ́ọ́nì àti ìwakùsà Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2007, ya ‘exploration’ sọ́tọ̀ pátápátá kúrò lára wíwa kùsà. Ìwé àṣẹ ìwákiri jẹ́ ti ọdún mẹ́ta, a sì lè sọ ọ́ dọ̀tun lẹ́ẹ̀mejì fún ọdún méjì-méjì. Ilẹ̀ tí ó bò lè tó kìlómítà 200 níbùú-lóròó. Ẹni tí ó ní in lè yẹ ilẹ̀ wò, kí ó gbẹ́ ihò ìdánwò, kí ó sì bu ẹ̀yà òkúta lọ fún àyẹ̀wò. Ìwé àṣẹ ìwakùsà ńlá jẹ́ ti ọdún 25, ilẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju kìlómítà 50 níbùú-lóròó. Nǹkan kan tún wà tí ará abúlé ní láti mọ̀ ju gbogbo èyí lọ. Kí ẹni tí ó gba àṣẹ ìwakùsà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, abala 116 òfin náà ní kí ó kọ́kọ́ bá àwọn ará ìlú tí ó ni ilẹ̀ náà ṣe àdéhùn lórí ìdàgbàsókè wọn: ẹ̀kọ́, ìlera, ọ̀nà, iṣẹ́, bí àwọn méjèèjì bá ṣe fẹnu kò. Àdéhùn yìí kò kan ẹni tí ó gba àṣẹ ìwákiri. Ẹni tí ó ń wá kò jẹ ìlú ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀; ẹni tí ó ń wà á ni ó jẹ ẹ́.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ìwé wá sí Ìgbẹ́tì, níbi tí mábù ti wà, tàbí sí ọ̀kan nínú àwọn ìlú Òkè-Ògùn tí a ti ń rí òkúta olówó iyebíye, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: wíwá ni tàbí wíwà? Baálẹ̀ àti àwọn àgbà tí wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò tẹ́tí sí ẹni tí ó ń túmọ̀ fún wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni náà ni ìwé fún wọn.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ tiwa náà ṣe jẹ́ alámùúlétì. ‘Wá’ tí ó túmọ̀ sí kí a máa wo ibi tí nǹkan wà jẹ́ ohùn òkè. ‘Wà’ tí ó túmọ̀ sí kí a gbẹ́ ilẹ̀, kí a kó nǹkan jáde, jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀: ‘kùsà tí wọ́n ń wà’, ‘wọ́n wà á’. Ṣùgbọ́n òfin kan wà nínú èdè wa pé, bí ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tí ó ní ohùn ìsàlẹ̀ bá gba ọ̀rọ̀-orúkọ ní àbọ̀, ohùn rẹ̀ a gòkè sí àárín. ‘Rà á’ ni a ń sọ, ṣùgbọ́n ‘ra aṣọ’. ‘Sè é’, ṣùgbọ́n ‘se ẹran’. Ọ̀nà kan náà ni ‘wà á’ fi di ‘wa kùsà’, tí a fi ní ‘ìwakùsà’ àti ‘awakùsà’. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn òkè kì í yí bẹ́ẹ̀: ‘wá a’, ‘wá kùsà’, ‘wá owó’. Ẹ̀kẹta wọn ni ‘wà’ tí ó túmọ̀ sí pé nǹkan ń bẹ, òun kì í sì í gba àbọ̀. A lè kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú gbólóhùn kan: ‘Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí kùsà wà, kí ẹ tó wà á.’ Ẹ wá yọ àmì kúrò, bí ọ̀pọ̀ wa ti ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù: ‘E koko wa ibi ti kusa wa, ki e to wa a.’ Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣì lè tú gbólóhùn yẹn, nítorí ó gùn, gbogbo ara rẹ̀ sì ń ran ara lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ‘ase lati wa kusa’ kò ní olùrànlọ́wọ́ kankan.

Àwọn kan máa ń sọ pé bí a kò bá fi àmì sí ọ̀rọ̀, kò burú, òǹkàwé ni yóò fúnra rẹ̀ yàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbí. Ohùn àárín ni a kì í fi àmì sí nínú àkọtọ́ wa. Nítorí náà, ‘wa’ tí kò ní àmì ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀: wa kùsà, gbẹ́ ẹ jáde. Ẹni tí ó bá gbàgbé àmì lórí ‘wá’ kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti yàn. Ó ti sọ àṣẹ ìwákiri di àṣẹ ìwakùsà. Ọdún mẹ́ta ti di 25 lójú ẹni tí ó ń kà á.

Ẹni tí ń ka ìròyìn lórí rédíò kò tilẹ̀ ní ibi tí yóò sá sí. Bí wọ́n bá fi ìwé tí kò ní àmì lé e lọ́wọ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Challenge tàbí Ring Road, ẹnu rẹ̀ ní láti mú ohùn kan. Kò sí bí ènìyàn ti lè pe ‘wa’ láìní ohùn. Ohun tí ó bá yàn ní ìṣẹ́jú yẹn ni gbogbo Ìbàdàn yóò gbọ́.

Nítorí náà ni a fi ń gba àwọn olùtúmọ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe gbé gbogbo ẹrù yìí lé àmì kékeré kan lórí, àní bí wọ́n bá ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ dáadáa. ‘Ìwákùsà’ tọ́ ní gírámà, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ‘ìwakùsà’ jù fún ìwé tí ènìyàn yóò fọwọ́ sí. Ẹ lo ‘ìwákiri àlùmọ́ọ́nì’ fún èkínní, kí ẹ fi ‘ìwakùsà’ sílẹ̀ fún èkejì. Ẹni tí ó bá ń kà á láìsí àmì pàápàá kò ní ṣì wọ́n pè.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Bódìjà, sí àwọn ọ̀rọ̀ méjì tí ó gba gbogbo ojú ìwé ìròyìn lọ́sẹ̀ náà: ‘illegal miners’. ‘Awakùsà láìgbàṣẹ’ ni ìtumọ̀ tí ó wọ́pọ̀, kò sì burú. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ Ìbàdàn, tí ó bá ka ‘àwọn awakùsà láìgbàṣẹ ní Bódìjà’, yóò rò pé wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ Bódìjà ni, pé kùsà wà lábẹ́ ilé àwọn ènìyàn níbẹ̀. Nínú ohun tí ìjọba sọ, kò sí wíwá, kò sí wíwà ní òpópó yẹn. Gbígbé ni wọ́n ń gbé ibẹ̀. Kíkó nǹkan pamọ́ ni ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. ‘Miners’ ń sọ iṣẹ́ wọn. Kò sọ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé náà. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá fi orúkọ iṣẹ́ pe ènìyàn, ó yẹ kí a sọ ọ́ lọ́nà tí yóò fi hàn pé iṣẹ́ ni: ‘àwọn kan tí iṣẹ́ ìwakùsà jẹ́ tiwọn’.

‘Láìgbàṣẹ’ náà ní ìṣòro. Àṣẹ wo? Àṣẹ mẹ́ta ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: àṣẹ láti wá kiri, àṣẹ láti wa kùsà, àti àṣẹ láti kó ohun abúgbàmù pamọ́. Òfin ọdún 2007 ni ó bí méjì àkọ́kọ́, òfin ọdún 1964 ni ó bí ẹ̀kẹta. Ẹni tí ó ní ìwé ìwakùsà tí ó péye jù lọ kò tíì gba àṣẹ láti fi yàrá ilé gbígbé ṣe ilé ìkóhun-abúgbàmù-sí. Bí ìròyìn bá wá kọ ‘awakùsà láìgbàṣẹ’, tí kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òǹkàwé yóò gbà pé ká ní àwọn ènìyàn náà ní ìwé ìwakùsà ni, Bódìjà ì bá wà ní àlàáfíà. Onílé tí ó fẹ́ fi ilé rẹ̀ háyà fún awakùsà ní ìgboro gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí, nítorí ìwé tí àlejò náà yóò fi hàn án lè jẹ́ ojúlówó, kí ó má sì kan ohun tí ó wà nínú yàrá ẹ̀yìn rárá.

Nínú ìwé òfin kan náà tí a dárúkọ lókè, àtòkọ kan wà fún àwọn ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣe òfin lé lórí. Ohun ìjà àti ohun abúgbàmù ni ìkejì nínú àtòkọ náà, kùsà àti ohun àlùmọ́ọ́nì sì ni ìkọkàndínlógójì. Gbogbo àwọn ọ̀rọ̀ wa lábẹ́ E ni ó bá ara wọn níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò ní ọwọ́ nínú fífúnni ní èyíkéyìí nínú àwọn àṣẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ilẹ̀ Ìbàdàn ni ó sì mì. Ìdí nìyí tí olùtúmọ̀ kò gbọdọ̀ fi kọ ‘ìjọba’ lásán nínú irú ìròyìn yìí. Gẹ̀ẹ́sì lè kọ ‘government’ kí ó má sì ṣàlàyé. Yorùbá ní ‘ìjọba àpapọ̀’ àti ‘ìjọba ìpínlẹ̀’ ní ìkáwọ́, ẹ jẹ́ kí a lò wọ́n.

‘Explore’ tún ní ìlò kan tí àwọn ará Bódìjà mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, àní gbogbo ẹni tí àjálù bá ti bá rí. Nínú èdè àwọn aláṣẹ, a máa ń gbọ́ pé wọ́n ń ‘explore’ ọ̀nà tí wọn yóò fi ran àwọn tí ó pàdánù ilé lọ́wọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n ṣì ń ronú. Wọn kò tíì ṣèlérí ohunkóhun. Mo ti rí i níbi tí wọ́n ti túmọ̀ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sí ‘ìjọba ti ń ṣètò ìrànwọ́’. Àánú ni ó mú olùtúmọ̀ ṣe é, bóyá, ṣùgbọ́n ó ti fi ìlérí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe sí ẹnu ìjọba, ó sì ti mú kí ẹni tí òrùlé rẹ̀ ṣí jókòó máa retí. ‘Wọ́n ń wá ọ̀nà’ ni ó tọ́. Ó sì wúlò pé kí a gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá mọ̀ pé wíwá ni wọ́n ṣì ń wá a lè tún lọ kan ilẹ̀kùn wọn.

A ti tún àwọn àkọlé wọ̀nyí ṣe nínú atúmọ̀ èdè yìí. Lábẹ́ ‘explore’, a ti yọ ‘ṣàwárí’ kúrò, a sì fi ‘wá kiri’ àti ‘yẹ̀ wò’ rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú àpẹẹrẹ yìí: ‘Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fún ilé iṣẹ́ náà láti fi wá àlùmọ́ọ́nì kiri lórí ilẹ̀ wa, wọn kò tíì gba àṣẹ láti wa ohunkóhun.’ Lábẹ́ ‘exploit’, a ti ya ìtumọ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀, iṣẹ́ akin, wà tàbí lò, àti rẹ́ jẹ tàbí kó nífà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àpẹẹrẹ tirẹ̀. Lábẹ́ ‘explosive’, ‘àdó olóró’ ti lọ sí abẹ́ ‘bomb’. Àpẹẹrẹ tí ó wà níbẹ̀ báyìí ni: ‘Ìjọba ní ohun abúgbàmù tí àwọn kan kó pamọ́ sínú ilé ní Bódìjà ni ó fa ìbúgbàmù náà.’